Kí ló ń jẹ́ yíyẹ àdéhùn «lọ́nà tó wúwo»? Àdéhùn ìpèsè ẹ̀gẹ́ fún ilé-iṣẹ́ sítáàṣì

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ sítáàṣì tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan. Tọ́ọ̀nù 40 ẹ̀gẹ́ tútù ni wọn yóò máa kó wá lọ́sẹ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ yóò sì máa sanwó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láàrin ọjọ́ 14. Ìlà kan wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ tó ń kọ wá lóminú: «Bí ẹgbẹ́ bá yẹ àdéhùn yìí lọ́nà tó wúwo, ilé-iṣẹ́ lè tú u ká lọ́gán.» Kò síbi tí wọ́n ti sọ ohun tó ń jẹ́ «lọ́nà tó wúwo». Ṣé ọkọ̀ kan tó pẹ́ ni? Àbí ọ̀sẹ̀ kan tí ilẹ̀ le tí ẹ̀gẹ́ kò ṣeé wà? Ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kí la lè ní kí wọ́n kọ sí i?

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ láìtúmọ̀, adájọ́ ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ti jẹrà tán tí àwọn àgbẹ̀ ti tú ká.

Òfin àdéhùn tí kóòtù wa ń lò ti Ìlú Ọba wá, ó sì pín ọ̀rọ̀ inú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni òpómúléró: ẹni tó bá yẹ èyí, ẹnì kejì lè kà á sí pé àdéhùn ti parí, ì báà jẹ́ pé àdánù rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkejì ni ẹ̀ka: ẹni tó bá yẹ èyí yóò san owó àdánù, ṣùgbọ́n àdéhùn ń bá a lọ. Ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù, òun náà ló sì ń fa wàhálà, torí a kò lè mọ ipò rẹ̀ àfi ìgbà tó bá yẹ̀ tán tí a rí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Ẹjọ́ ọkọ̀ òkun Hongkong Fir, tí wọ́n dá ní Ìlú Ọba ní òpin 1961, ló fìdí ẹ̀kẹta yìí múlẹ̀. Oṣù 24 ni wọ́n fi háyà ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò tó, wọn kò sì mọṣẹ́. Nínú oṣù méje àkọ́kọ́, bí ọ̀sẹ̀ 20 ni ọkọ̀ kò fi ṣeé lò. Àwọn tó háyà rẹ̀ ní àwọn kò ṣe mọ́. Kóòtù ní wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe, nígbà tí àtúnṣe bá sì parí, oṣù 17 yóò ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi lò ó. Ohun tí Adájọ́ Diplock ní ká máa bi ara wa ni pé: ǹjẹ́ yíyẹ̀ yìí gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àǹfààní tí ẹni tí wọ́n yẹ̀ fún torí rẹ̀ wọ àdéhùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ kíyè sí ibi tó parí sí. Àwọn tó gbà pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀, àwọn ni kóòtù wá sọ di ẹni tó yẹ àdéhùn, nítorí wọ́n jáwọ́ láìtọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ fi léwu fún ilé-iṣẹ́ náà bó ṣe léwu fún ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ lè tú àdéhùn ká láàárọ̀, kó sì di onígbèsè yín nírọ̀lẹ́.

OníSítáàṣì

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ìhà kejì. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ilé ìpamọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́bọ̀, inú rẹ̀ ti ń yọ ilà aláwọ̀ búlúù, sítáàṣì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Kò sí pé a ó kó ti ọ̀sẹ̀ yìí jọ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí tọ́ọ̀nù 40 kò bá dé, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ ààbọ̀, dísẹ́ẹ̀lì ń jó, òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, ẹni tí a ṣèlérí sítáàṣì fún sì ń retí.

Lójú tèmi, kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé tọ́ọ̀nù 40 lọ́sẹ̀ ni òpómúléró. Bó bá ti dín, àdéhùn ti yẹ̀ nìyẹn, ilé-iṣẹ́ lè wá ẹlòmíràn. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹlẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀gá, ni pé orúkọ nìkan kò tó. Ní 1973, House of Lords, kóòtù tó ga jù ní Ìlú Ọba nígbà náà, dá ẹjọ́ Schuler àti Wickman. Schuler jẹ́ ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹrin, Wickman sì ni aṣojú rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ní abala 7(b), pé òpómúléró àdéhùn ni kí Wickman máa rán èèyàn lọ sí ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ tí àdéhùn yóò fi wà, ìbẹ̀wò náà ju 1,000 lọ dáadáa. Wọ́n pa díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀, Schuler tú àdéhùn ká, ó jókòó lé e pé òpómúléró ni wọ́n pè é.

Adájọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ kọ̀ fún un. Lord Reid ní bó bá jẹ́ pé pípa ìbẹ̀wò ẹyọ kan jẹ ti tó láti fọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò bọ́gbọ́n mu, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe jìnnà sí ọgbọ́n tó ni ìwé gbọ́dọ̀ ṣe sọ ọ́ kedere tó. Ohun mìíràn tó gbá wọn mú ni abala 11 nínú ìwé kan náà, tó ní bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn lọ́nà tó wúwo, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ 60 láti tún un ṣe. Wọ́n ní abala yẹn ló bá ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò mu.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ kò níyì. Nínú ẹjọ́ Lombard àti Butterworth, ìwé háyà kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ ọ́ pé sísan owó lásìkò ni ọkàn àdéhùn, kóòtù sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wọ́n ni pé ìwé Lombard ṣe kedere, àbájáde rẹ̀ kò sì yani lẹ́nu nínú òwò owó yíyá. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ gbà pé ó ti parí. Ẹ kọ àbájáde rẹ̀ tààrà: «bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn báyìí, ẹni yìí lè tú àdéhùn ká.» Òfin títa ọjà ti 1893 tí ọ̀pọ̀ òfin ìpínlẹ̀ wa tọ̀ lẹ́yìn náà sọ ọ́ ní abala 11 pé ọ̀rọ̀ kan lè jẹ́ òpómúléró bí wọ́n tiẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn nínú ìwé.

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbà: «bí ẹgbẹ́ bá yẹ ohunkóhun nínú ìwé yìí, ilé-iṣẹ́ lè tú u ká.» Ìgbìmọ̀ ìlú Great Yarmouth gbìyànjú irú rẹ̀ lórí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà àti pápá ìṣeré wọn, àdéhùn ọdún mẹ́rin. Ní 2000, kóòtù ní kò lè jẹ́ ohunkóhun lóòótọ́, àfi èyí tó bá wúwo débi pé ó fọ́ àdéhùn. Ẹjọ́ Ìlú Ọba kò de adájọ́ tiwa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí i, àwọn adájọ́ sì ń gbọ́ ọ.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọkàn àti èyí tó jẹ́ ẹ̀ka nínú tiwa? Iye tọ́ọ̀nù ni, àbí ìdá sítáàṣì, àbí wákàtí tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé?

Ẹlẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹjọ́ akọrin méjì ló máa là á yé yín. Ọdún kan náà ni wọ́n dá méjèèjì, 1876, ní Ìlú Ọba. Bettini gbà láti dé ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú kí wọ́n lè jọ fi orin dánra wò. Ó dé nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ ló fẹ́ kọrin níbẹ̀. Kóòtù ní ìdánrawò kì í ṣe ọkàn àdéhùn, wọn kò lè lé e. Poussard ní tirẹ̀ ṣàìsàn, kò sí níbẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n ṣí eré náà àti àwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kóòtù ní wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, torí alẹ́ ìṣíde ni gbogbo òwò náà dúró lé.

Ẹ fi wo tiyín. Kí ni ilé-iṣẹ́ torí rẹ̀ wọ àdéhùn? Sítáàṣì tó ń wọlé déédéé jálẹ̀ ọdún. Ọkọ̀ tó pẹ́ wákàtí mẹ́ta dà bí ìdánrawò Bettini. Oṣù kan gbáko láìsí ẹ̀gẹ́ sún mọ́ alẹ́ ìṣíde Poussard.

Agbaninímọ̀ràn_Ọ̀gbìn

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oko kún un, torí mo rí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tó máa pa àwọn àgbẹ̀ lára láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ìdá 24 jálẹ̀ ọdún kò bá ìṣe ẹ̀gẹ́ mu. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ̀gẹ́ á rúwé tuntun, inú sítáàṣì tó ti kó jọ ló sì ti ń mú oúnjẹ fún ewé náà. Ẹ̀gẹ́ tó ń fún yín ní ìdá 27 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wálẹ̀ gan-an ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, oko kan náà, irúgbìn kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, sítáàṣì á pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á le gan-an, àwọn tó ń wa ẹ̀gẹ́ kò ní lè wa ìdajì èyí tí wọ́n ń wà nígbà òjò, iṣu ẹ̀gẹ́ á sì máa ṣẹ́ sínú ilẹ̀. Nítorí náà tọ́ọ̀nù á dín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdá sítáàṣì á dín nígbà òjò. Àdéhùn tó bá fi nọ́ńbà kan de méjèèjì jálẹ̀ ọdún ti kọ yíyẹ̀ sínú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá oko.

Ẹ kọ ọ́ ní ìgbà méjì: òṣùwọ̀n tọ́ọ̀nù àti ìdá sítáàṣì fún oṣù ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn fún oṣù òjò. Kí ẹ sì kọ bí wọn yóò ṣe wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á mú kìlò 5 láti oríṣiríṣi ibi nínú ọkọ̀, wọ́n á fọ erùpẹ̀ kúrò, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nínú omi, ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń fi ìdá sítáàṣì hàn. Bí ẹni tó mú u bá mú un láti òkè ọkọ̀ nìkan, níbi tí oòrùn ti pa á, èsì á yàtọ̀. Kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí méjèèjì fọwọ́ sí ìwé èsì kan náà. Láìsí ìyẹn, ẹ ó kàn máa jiyàn lórí «wúwo» nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n gan-an lẹ kò fẹnu kò lé lórí.

OníSítáàṣì

Ọ̀rọ̀ yẹn dáa, mo gbà á lórí ìgbà méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí wa nínú jù kì í ṣe ojú ọjọ́. Bí owó ẹ̀gẹ́ bá gbówó lórí lọ́jà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á gbé e fún àwọn tó ń ṣe gàrí tó wá fowó sílẹ̀ lójú oko, wọ́n á sì ní ilẹ̀ le. Ẹ̀gẹ́ wà, wọ́n kàn tà á síta ni. Ṣé èyí náà dà bí ìdánrawò Bettini?

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Rárá, ọ̀gá mi. Ìwà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yàtọ̀, torí ó ń sọ fún yín pé ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹni yìí mọ́. Ìlànà UNIDROIT (àjọ àgbáyé kan tó ń mú òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè bára mu) fún àdéhùn òwò láàrin orílẹ̀-èdè, abala 7.3.1, ka nǹkan márùn-ún tó yẹ kí a wò: bóyá yíyẹ̀ náà gba ọ̀pọ̀ ohun tí ẹni náà ń retí, bóyá títẹ̀lé ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bóyá àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni tàbí àìbìkítà, bóyá ó fún ẹni náà nídìí láti gbà pé ẹnì kejì kò ní ṣe èyí tó kù, àti bóyá ẹni tó yẹ̀ yóò pàdánù ju bó ṣe yẹ lọ lórí ohun tó ti ṣe sílẹ̀ bí wọ́n bá tú u ká. Kì í ṣe òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó dára láti fi kọ̀wé. Ẹ̀karùn-ún yẹn ló ń gbèjà àgbẹ̀ tó ti yá owó gbin sáàrẹ́ 5.

Lórí títà síta, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tó tó. «A gbọ́ pé wọ́n ń tà síta» kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ lè kọ oko tí àdéhùn kàn sínú ìwé, kí aṣojú ilé-iṣẹ́ lè wọ oko lọ wò ó lẹ́yìn ìfitónilétí ọjọ́ kan, kí wọ́n sì gbà pé oko tí wọ́n ti wa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, tí ẹ̀gẹ́ náà kò sì dé ilé-iṣẹ́, jẹ́ ẹ̀rí títà síta àyàfi bí ẹgbẹ́ bá ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọ̀rọ̀ ìpèsè onípele kún un, torí tiyín gan-an ni. Bí ọjà bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kóòtù ń wo ohun méjì: báwo ni èyí tó bàjẹ́ ṣe pọ̀ tó sí gbogbo rẹ̀, báwo ló sì ṣe ṣeé ṣe tó pé yóò tún ṣẹlẹ̀? Ẹjọ́ Maple Flock ní 1933 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀nù 100 òwú àkísà ni, tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wọlé nígbà kẹrìndínlógún ní kẹ́míkà ju ti òfin lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sì jọ pé yóò tún ṣẹlẹ̀: wọn kò lè tú u ká. Ní 1930 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ Robert Munro àti Meyer, tọ́ọ̀nù 1,500 oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi egungun lọ̀ ni. Wọ́n ti gba ju tọ́ọ̀nù 600 lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé èèpo kòkó ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n lè tú u ká, torí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ọkọ̀ kan tó dọ̀tí nínú ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ Maple Flock. Oṣù mẹ́ta òkúta lábẹ́ ẹ̀gẹ́ jẹ́ Munro.

Ará_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Bí àdéhùn bá sọdá sọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ mọ̀ pé òfin OHADA (òfin òwò tí àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò) ló ń ṣiṣẹ́ lórí títa ọjà láàrin oníṣòwò. Abala 281 nínú òfin òwò tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá 2010 sọ pé ẹni tí wọ́n bá yẹ àdéhùn fún yóò lọ sọ́dọ̀ adájọ́ kó tú u ká. Àmọ́, bí ìwà ẹnì kejì bá burú púpọ̀, ó lè tú u ká fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́rùn ara rẹ̀ ni: bí adájọ́ bá wò ó tó rí i pé kò burú tó bẹ́ẹ̀, òun ni yóò san án.

Benin tún wà nínú àdéhùn Vienna lórí títa ọjà láàrin orílẹ̀-èdè láti oṣù Kẹjọ 2012. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Abala 25 rẹ̀ pe yíyẹ̀ ní èyí tó jinlẹ̀ bó bá gba ohun tó pọ̀ nínú ohun tí ẹnì kejì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa retí, àyàfi tí ẹni tó yẹ̀ kò bá rí i tẹ́lẹ̀, tí ọlọ́gbọ́n èèyàn bíi tirẹ̀ kò sì ní rí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ «rí tẹ́lẹ̀» yìí. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní oníbàárà kan tó máa já wọn sílẹ̀ tí sítáàṣì bá pẹ́ ọjọ́ méjì, kí wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí i. Èyí tí wọn kò sọ, yóò ṣòro fún wọn láti gbé e lé ẹgbẹ́ lórí nígbà tó bá yá.

Ìyá_Àgbẹ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àgbẹ̀ nìkan ló máa ń yẹ àdéhùn. Owó tó pẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ 14 tí wọ́n kọ á di ọjọ́ 50, àgbẹ̀ kò sì lè ra ọ̀gbìn mìíràn.

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, Ìyá. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, ibẹ̀ sì ni òfin ti gbè yín díẹ̀ jù. Abala 10 nínú òfin 1893 yẹn sọ pé àkókò ìsanwó kì í ṣe ọkàn àdéhùn àyàfi tí ìwé bá fi hàn bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Decro-Wall ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń san owó ní ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 20 lẹ́yìn àsìkò, léraléra, kóòtù sì ní kò tó túká, torí pẹ́ títí, akólòlò á pe baba: owó náà ń wọlé ṣáá. Bí ẹgbẹ́ kò bá kọ nǹkan sí i, ohun tí wọ́n lè gbà kò ju owó ẹ̀gẹ́ wọn àti owó àdánù ìpẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ ìpele mẹ́ta. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 14, kí owó èlé máa wà lórí rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ 21, kí ẹgbẹ́ lè dá ìkó ẹ̀gẹ́ dúró títí owó á fi wọlé, kí ìdádúró náà má sì jẹ́ yíyẹ àdéhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ èyí, torí ẹ̀tọ́ láti dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró nítorí owó èyí tó ti lọ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí kò bá sí nínú ìwé. Tó bá di ọjọ́ 35, tí wọ́n sì ti kọ ìwé ìkìlọ̀, kí ẹgbẹ́ lè tú àdéhùn ká. Iye ọjọ́ wà lọ́wọ́ yín o, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta yẹn ni kó wà.

Onílàjà

Ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ abala tí wọ́n yẹ, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ìwé òṣùwọ̀n ọkọ̀ tó jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe láti tún un ṣe, ọjọ́ tí gbèdéke parí, àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ìwé tó kàn ní «inú wa kò dùn sí ìpèsè yín, ẹ ṣe àtúnṣe» kò ka gbèdéke kankan sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà fi í ránṣẹ́ sínú àdéhùn. Bí WhatsApp bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń gbà á, kí ẹ sì kọ ìgbà tí wọ́n kà á sí pé ó ti dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ nìkan lórí WhatsApp, ẹ gbé ìwé lọ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà.

Kí ni «tún un ṣe» túmọ̀ sí fún ẹ̀gẹ́? Ọkọ̀ tó jẹrà kò ṣeé jí dìde. Lord Reid dáhùn èyí nínú ẹjọ́ Schuler: títún ṣe lè jẹ́ pé kí nǹkan tọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n tún un ṣe bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé ìkìlọ̀ kò bá dín ní ìdá 90 iye tí ìwé sọ. Gbèdéke ọjọ́ 30 bọ́gbọ́n mu fún iye àti ìdá sítáàṣì. Fún ayédèrú ìwé òṣùwọ̀n tàbí òkúta tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó sí abẹ́ ọkọ̀, kí ó má sí gbèdéke rárá.

Ohun tó tún ń já àwọn èèyàn sílẹ̀ ni ìdákẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ti gba tọ́ọ̀nù 25 lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́rin láìsọ nǹkan kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní tọ́ọ̀nù 25 ló fọ́ àdéhùn. Ẹnì kejì á ní wọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọkọ̀ náà síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ìgbàwọlé pé ẹ gbà á láìsọ ẹ̀tọ́ yín nù. Bákan náà, ẹni tí wọ́n bá yẹ àdéhùn fún tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé àdéhùn ṣì wà ti yan pé kó máa lọ. Kò lè ṣe méjèèjì.

Kí ẹ sì fi ìlàjà sáàrin ìkìlọ̀ àti títúká, ọjọ́ 10 péré. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Òfin Ìlàjà àti Ìdájọ́ Àdáni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún àdéhùn tí wọ́n bá ṣe níwájú onílàjà ní agbára láti fi í múlẹ̀.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó:

«Yíyẹ àdéhùn lọ́nà tó wúwo ni èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. (a) Kí ẹgbẹ́ kó èyí tó dín ní ìdá 70 iye tí ìwé sọ fún ìgbà náà wá, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ léra, tí kò sì jẹ́ nítorí àjálù tí abala 9 kà. (b) Kí ọkọ̀ mẹ́rin láàrin oṣù kan dín ní òṣùwọ̀n sítáàṣì ìgbà náà, bí ìwé èsì tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí bá ṣe fi hàn. (d) Kí ẹgbẹ́ ta ẹ̀gẹ́ oko tí ìwé kà fún ẹlòmíràn nígbà tó jẹ ilé-iṣẹ́ ní iye. (e) Kí ilé-iṣẹ́ má san owó tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ títí ọjọ́ 35. (ẹ) Ayédèrú ìwé tàbí ìdọ̀tí àmọ̀ọ́mọ̀kó. Fún (a) sí (e), ẹni tí wọ́n yẹ̀ fún yóò kọ̀wé ìkìlọ̀, yóò sì fún ẹnì kejì ní ọjọ́ 30 láti tún un ṣe kó tó lè tú u ká. Fún (ẹ), ó lè tú u ká lọ́gán.»

Amòfin_Ìjẹ̀bú

Ó dára gan-an, ẹ kú iṣẹ́. Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ tún wò.

Ní (e), ẹ dín ọjọ́ 30 kù sí ọjọ́ 7 fún owó. Ẹni tó jẹ gbèsè kò nílò oṣù kan láti kọ ṣẹ́ẹ̀kì, bí ẹ bá sì fi 30 lé 35, àgbẹ̀ yóò dúró ọjọ́ 65.

Ní (d), ẹ fi ìwọ̀n kan sí i, bíi tọ́ọ̀nù 5 láàrin oṣù kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, apẹ̀rẹ̀ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ kan gbé lọ ṣe gàrí fún ilé rẹ̀ ti tó láti tú àgbẹ̀ tó kù ká, ilé-iṣẹ́ sì lè máa fi dẹ́rù bà yín.

Ẹ fi ìlà kan kún un lábẹ́: «Àwọn wọ̀nyí kò dín ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹnikẹ́ni lórí yíyẹ̀ mìíràn tó gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àǹfààní àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀.» Láìsí rẹ̀, wọ́n lè ní ohun tí ẹ kò kà kò sí. Ìlà yìí tún ṣe pàtàkì fún owó: bí ẹ bá tú àdéhùn ká lórí abala ìwé nìkan, wọ́n lè fún yín ní owó àdánù títí di ọjọ́ tí ẹ tú u ká, kí wọ́n má fún yín ní ti àwọn oṣù tó kù. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìtúká, ẹ dárúkọ abala ìwé àti ẹ̀tọ́ ti òfin pọ̀.

Ìkẹrin, ẹ wo abala 9. Bí «òjò» bá wà níbẹ̀ láìsí àlàyé, ilé-iṣẹ́ kò ní fọwọ́ sí i, wọ́n sì jàre. Ẹ kọ ọ́ pé òjò tó dí ọ̀nà oko fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kí ẹgbẹ́ fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàrin wákàtí 24 pẹ̀lú fọ́tò ọ̀nà náà àti orúkọ oko tó kàn.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe: ọjọ́ 7 fún owó, tọ́ọ̀nù 5 fún títà síta, ìlà tó kẹ́yìn yẹn, àti fọ́tò. Mo fi òṣùwọ̀n ìgbà méjì sínú àfikún kìíní: tọ́ọ̀nù 30 pẹ̀lú ìdá 24 láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, tọ́ọ̀nù 42 pẹ̀lú ìdá 20 fún oṣù yòókù. Wọn yóò kà á fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí a tó dá a padà fún ilé-iṣẹ́.